Ẹ Kú Oríire Ọdún 15! Iṣẹ́ Ọwọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Ti Di Èémí Ọmọ Tuntun

Ẹ kú oríire o! Ẹ kú ọdún, ẹ kú làálàá, ẹ kú àṣeyọrí! Láti 2010 dé 2025, ó pé ọdún 15 gbáko tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ìṣègùn ní Yunifásítì Rice, ní ìlú Houston lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ti ṣe ẹ̀rọ tó ń ran ọmọ tuntun lọ́wọ́ láti mí. Pumani ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí lónìí. Àwa abiyamọ, àwa bàbá ọmọ, àwa nọ́ọ̀sì, àwa olùkọ́, àti gbogbo ẹni tó ti gbé ìkókó lọ́wọ́ rí, a wá bá yín yọ̀. Ẹ ṣe bẹbẹ!

Ẹ jẹ́ ká ka oríire yìí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí ó tó kà! Ọmọ tí wọ́n bí láìpé oṣù, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò tíì gbó. Bó bá mí síta tán, àwọn àpò afẹ́fẹ́ wínníwínní tó wà níbẹ̀ a lẹ̀ mọ́ra, agbára àtiṣí wọn kò sì sí lára ọmọ náà. Ní ilé ìwòsàn ńlá Queen Elizabeth ní Blantyre, lórílẹ̀-èdè Màláwì, ọ́síjìn nìkan ni wọ́n ń fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ẹ̀rọ tó lè gbà á sílẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n nǹkan bí dọ́là 6,000 ni wọ́n ń tà á nígbà yẹn. Àwọn dókítà Blantyre sọ ohun tí wọ́n nílò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Rebecca Richards-Kortum àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Maria Oden gbé e síwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún àṣekágbá. Àwọn ọmọ sì gbà á!

Ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. Wọ́n mú pọ́ńpù tí àwọn olówó fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi ẹja tí wọ́n ń sìn sínú gíláàsì, wọ́n tò ó sínú àpótí ike tí wọ́n ń kó bàtà sí, ẹ̀rọ dé! Owó tó ná wọn kò tó dọ́là 200. Afẹ́fẹ́ ń gba rọ́bà wọ ihò imú ọmọ, rọ́bà mìíràn sì rì sínú ìgò omi. Bí rọ́bà yẹn bá ṣe rì tó ni afẹ́fẹ́ yóò ṣe lágbára tó láti mú kí ẹ̀dọ̀fóró wà ní ṣíṣí. Kí nọ́ọ̀sì ṣáà wo ìgò: bí omi bá ń hó, afẹ́fẹ́ ń dé ibi tó yẹ. Ọgbọ́n ńlá, ọ̀nà tó rọrùn!

Kí wá ni èso rẹ̀? Ẹ wá gbọ́! Ní 2014, Dókítà Kondwani Kawaza àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìwádìí wọn ní Blantyre jáde. Nínú àwọn ọmọ tó gba ọ́síjìn nìkan, ìdá 44 nínú 100 ló yè. Nínú àwọn tó lo ẹ̀rọ yìí, ìdá 71 ló yè! Àwọn kéékèèké tí ìwọ̀n wọn kò ju kílò kan àbọ̀ lọ ló tilẹ̀ yani lẹ́nu jù: láti ìdá 15, wọ́n fò sókè kọjá ìdá 65. Ẹ̀yin ìyá tí ọmọ yín wà nínú ìṣirò yẹn, ẹ kú ewu ọmọ o!

Oríire ń gun orí oríire! Ní 2013, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n méjèèjì gba ẹ̀bùn Lemelson-MIT, dọ́là 100,000. Wọ́n ní kí wọ́n fi owó náà tún ibi ìtọ́jú ọmọ tuntun ní Blantyre kọ́. Irú ọkàn wo nìyẹn! Ìjọba Màláwì náà kò kẹ̀rẹ̀: Pumani kúrò ní Blantyre, ó wọ àwọn ilé ìwòsàn ìjọba káàkiri ẹkùn. Ní 2019, ètò NEST360 bẹ̀rẹ̀ láti kó oríṣiríṣi ẹ̀rọ ìtọ́jú ọmọ tuntun lọ sí Màláwì, Kẹ́ńyà, Tànsáníà àti Nàìjíríà tiwa níbí! Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Èkó wà nínú àwọn tó jọ gbé e ró. Ní Blantyre fúnra rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ìṣègùn ti ń ya àwòrán ẹ̀rọ, wọ́n ń kàn án, wọ́n ń tún èyí tó bàjẹ́ ṣe. Ẹ wo ibi tí iṣẹ́ kíláàsì gbé wa dé!

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń rọ́jú ka físíìsì àti ìṣirò nítorí àtiwọ ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ìṣègùn, ọ̀nà yín ti là. Ẹ tẹ̀ síwájú: aláìsàn ń retí ohun tí ẹ máa ṣe. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin dókítà, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tó ń ṣọ́ ìgò omi láàárín òru, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun! Ọwọ́ yín kò ní rọ. Ọgbọ́n yín kò ní gbẹ. Àwọn ọmọ tí ẹ gbà là yóò dàgbà, wọn yóò sì di ènìyàn ńlá. Ọdún 15 lèyí, a ó jọ ṣe 50, a ó ṣe 100! Àṣèyí ṣàmọ́dún o!