Òòfà Kò Mọ Góòlù

Ẹ̀yin tí ẹ ń mú òòfà lọ́wọ́ lọ ra ṣéènì, ẹ dákun, ẹ gbọ́. Wọ́n ní góòlù tí òòfà kò bá fà, ojúlówó ni. Irọ́ ni! Òòfà kì í fa bàbà, kì í fa idẹ, kì í fa òjé, kì í fa fàdákà. Irin àti irú rẹ̀ nìkan ló ń tú fó, oníjìbìtì wo ló sì gọ̀ débi pé irin ni yóò fi ṣe ayédèrú?

Àwọn tó mọ̀wé díẹ̀ ló tiẹ̀ ń bí mi nínú jù, àwọn tó ń sọ pé ẹ̀rọ X-ray ti parí ẹjọ́. Ẹ̀rọ náà dára o. Ìtànṣán rẹ̀ á ba ohun ọ̀ṣọ́, èròjà kọ̀ọ̀kan á ta ìtànṣán tirẹ̀ padà, ibẹ̀ lẹ̀rọ ti ń dá wọn mọ̀, láìha nǹkan kan. Àmọ́ góòlù a máa gbé ìtànṣán mì. Èyí tó ń padà wá kì í ti inú tó jìn tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà wá. Awọ lásán lẹ̀rọ ń rí. Bó bá wá jẹ́ mẹ́tàlì tó ń jẹ́ tungsten ni wọ́n fi góòlù nínípọn bò ńkọ́? Ẹ̀rọ á ní góòlù ni. Ẹ wọ̀n ọ́n nínú omi, omi náà á gbè é lẹ́yìn: kúbíìkì sẹ̀ǹtímítà kan góòlù wọn gíráàmù 19.3, ti tungsten wọn 19.25.

Àgbà àyẹ̀wò ni iná. Wọ́n á gé díẹ̀, wọ́n á fi òjé yọ́ ọ nínú ìkòkò kékeré tí wọ́n fi eérú egungun mọ. Òjé á kó bàbà wọnú ara ìkòkò, á ku góòlù àti fàdákà. Ásíìdì nitric á sì jẹ fàdákà kúrò. Láti ọ̀rúndún kẹtàlá ni wọ́n ti ń dán owó ẹyọ ìjọba wò ní Lọ́ńdọ̀nù, wọn ò sì tíì jáwọ́ nínú gígé e.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rí èyí tí ẹ sun nìkan niná ń jẹ́. Kò mọ ọ̀pá góòlù kejì, kò sì mọ àárín ọ̀pá tí ẹ gé etí rẹ̀. Ohùn ló ń dé àárín: nínú góòlù, ó ń rin nǹkan bíi mítà 3,240 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nínú tungsten, ó lé ní 5,000. Ẹ fi ohùn yẹ gbogbo ọ̀pá wò, kí ẹ gé ọ̀kan sun. Ẹni tó bá kọ èyí, tó ní ìwé X-ray ti tó, kó gbé ọ̀pá rẹ̀ kó máa lọ.