Ẹ yé fi ìyá yín ṣe skit

1/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi màmá tí kò lè ka alert ṣe skit, ó tó gẹ́ẹ́!

2/ Ìyá mi ń ta ata. Oníbàárà kan fi alert ayédèrú hàn wọ́n, ₦40,000 lọ bẹ́ẹ̀.

3/ Ẹ ní, "Kí ló dé tí wọn ò lọ síléèwé?" Ní 1976, ìjọba ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti di ọ̀fẹ́. Ọ̀fẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ta ni ì bá kiri ẹ̀kọ?

4/ Wọn kì í ṣe òpè o. Owó ata yẹn ló sọ mí di graduate. Mo ní kí wọ́n lọ kíláàsì àgbà, wọ́n ní, "Kí wọ́n lè máa fi mí ṣẹ̀sín?"

5/ Ẹ̀rín wa ló ń tì wọ́n mọ́lé. Gbé kámẹ́rà yẹn sílẹ̀. Jókòó ti ìyá ẹ lálẹ́ òní, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí A, B, D.