Ahéré Akọpẹ Yẹ Nínú Ìtàn Ìyànsàn

Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìyànsàn, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, á sọ fúnni pé ní Badagry ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà, àti pé àwọn míṣọ́nnárì ló kọ́ ọ parí ní 1845. Bí a bá wá bi í pé ta ló kọ́ ahéré amọ̀ tó ń wó lọ lẹ́yìn oko bàbá rẹ̀, ẹnu rẹ̀ á wọhò. Bàbá náà lè má ní ju “ilé àwọn Ìsòbò ni” lọ láti sọ.

Àwọn Urhobo ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, àwọn ará Ughelli, Abraka àti àyíká wọn, tó wà ní Ìpínlẹ̀ Delta lónìí. Láyé ìjọba òyìnbó ni wọ́n ti ń wọ ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ọ̀pẹ ló sì ń fà wọ́n wá. Epo pupa àti ẹ̀kùrọ́ ń rọ́jà lókè òkun, igbó ọ̀pẹ Ìkálẹ̀ sì pọ̀ ju ọwọ́ tó máa kọ ọ́ lọ. Urhobo mọ igbà lò. Onílẹ̀ fún wọn nígbó, wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀. Ọkọ ń gun ọ̀pẹ, aya ń ṣa ẹyìn, ó ń pa ẹ̀kùrọ́, epo ń lọ sọ́jà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Onigu Otite ti Yunifásítì Ìbàdàn, tí òun náà jẹ́ Urhobo, tẹ ìwádìí jáde lórí wọn ní 1979. Ohun tó rí ni pé àwọn aṣíkiri wọ̀nyí wà lára ohun tó ta ìdàgbàsókè jí ní ìgbèríko Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àwọn ọ̀mọ̀wé mọ̀ wọ́n. Ìtàn ìlú tí wọ́n ń kà níbi ayẹyẹ ni kò mọ̀ wọ́n.

Ẹni tó bá rí ògiri amọ̀ àti òrùlé imọ̀ ọ̀pẹ á ní òṣì ló kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe òṣì nìkan. Nínú àṣà ilẹ̀ wa, àlejò kò gbọdọ̀ gbin kòkó, obì tàbí rọ́bà láìgba àṣẹ, nítorí igi tó ń pẹ́ lórí ilẹ̀ a máa sọ ẹni tó gbìn ín di aláríyànjiyàn lọ́la. Ilé tó bá le jù náà a máa kọ onílẹ̀ lóminú. Nítorí náà, akọpẹ kọ́ èyí tó ṣeé fi sílẹ̀, ó sì fi owó epo kọ́lé onípáànù sí ìlú rẹ̀. Bó bá kú, ilé ni wọ́n sábà máa ń gbé òkú rẹ̀ lọ. Ibi tí ìdílé Yorùbá ti ń nàka sí ojú oórì bàbá wọn, ìdílé akọpẹ kò ní nǹkan kan láti nàka sí lóko náà ju ahéré yìí lọ.

Ní Amẹ́ríkà, òdìkejì àṣà yìí ni. Òfin 1862 fún aṣíkiri ní éékà 160: ẹni tó bá kọ́lé sórí rẹ̀, tó dáko, tó sì gbébẹ̀ fún ọdún márùn-ún ló nilẹ̀. (Ilẹ̀ náà ní onílẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn tí wọ́n lé kúrò lórí rẹ̀, ẹjọ́ mìíràn nìyẹn.) Ilé ni ẹ̀rí níbẹ̀, kò sì yani lẹ́nu pé wọ́n ń tọ́jú irú ilé oko bẹ́ẹ̀ fún àwọn arìnrìn-àjò láti wò. Tiwa kò fúnni nílẹ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó kà á sí.

Ó yẹ kí a kọ ìtàn àwọn ahéré wọ̀nyí sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó wà lọ́kàn àwọn onílẹ̀ nìyí: bí a bá kọ orúkọ àlejò sínú ìwé, àwọn ọmọ rẹ̀ lè fi gba ilẹ̀. Ẹ̀rù náà kò ṣàdédé wá, pàápàá lẹ́yìn Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978, tí ọ̀pọ̀ rò pé ó ti sọ agbàlẹ̀dáko di onílẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1991, nínú ẹjọ́ Abioye àti Yakubu, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ là á mọ́lẹ̀ pé òfin náà kò pa ẹ̀tọ́ onílẹ̀ lábẹ́ àṣà rẹ́. Ìṣákọ́lẹ̀ tí àlejò ń san ni ẹ̀rí pé ó mọ onílẹ̀. Ìwé tó bá sọ ẹni tó kọ́ ahéré náà, ẹni tó fún un láyè àti ohun tó san, onílẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbè. Àìkọsílẹ̀ ló ń bí ẹjọ́.

Àti pé ta ni kì í ṣe aṣíkiri? Àwọn ìdílé Ìkálẹ̀ kan ń tọ́ka sí Ifẹ̀, àwọn mìíràn sí Bìní, wọ́n sì ń fi yangàn. Ìrìn tó bá pẹ́ ni a ń pè ní orírun. Èyí tí bàbá bàbá ẹni rí lójú, a ń pè é ní àlejò.

Iṣẹ́ àkọsílẹ̀ yìí kò tóbi ju agbára Ìyànsàn lọ. Kò nílò mùsíọ́mù, ilé amọ̀ kò sì ní dúró dè é. Fóònù tó ń ya fọ́tò wà lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́, olùkọ́ ìtàn wà, àwọn àgbà tó rántí ṣì wà. Àwọn ìyá nínú ìdílé akọpẹ ni kí wọ́n kọ́kọ́ bi. Ọkùnrin lè mọ iye tí wọ́n san fún onílẹ̀, ṣùgbọ́n obìnrin ló mọ yàrá tí wọ́n bímọ sí, odò tí wọ́n ti ń pọnmi epo, àti ọdún tí imọ̀ di páànù. Kí wọ́n bi ìdílé onílẹ̀ náà lọ́tọ̀. Ọ̀rọ̀ wọn kò ní bára mu. Kí wọ́n tẹ méjèèjì sínú ìwé kan náà.