Ẹ Yé É Ka Ẹ̀ṣẹ̀ Sí Eyín Lọ́rùn

Bí ara ọmọ oṣù méje bá gbóná ní àdúgbò wa, kí ìyá rẹ̀ tó la ẹnu, àwọn ará ilé á ti dájọ́: “Eyín ló fẹ́ hù!” Bó ń yàgbẹ́ gbuuru, eyín ni. Bó ń bì, eyín náà ni. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni eyín fi ṣe wá gan-an?

N ò ní fi igbá kan bọ ọ̀kan. Eyín tó ń hù a máa jẹ́ kí erìgì yún ọmọ, itọ́ a máa dà lẹ́nu rẹ̀, a sì máa sunkún. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibà gidi àti ìgbẹ́ gbuuru, ibòmíràn ni wọ́n ti wá. Nǹkan bí oṣù mẹ́fà ni eyín àkọ́kọ́ ń yọ. Àsìkò yẹn náà ni agbára tí ọmọ gbà lára ìyá rẹ̀ láti fi bá àìsàn jà ń tán lọ, tó sì ń ki gbogbo ohun tọ́wọ́ rẹ̀ bá tẹ̀ bọ ẹnu. Olè ti wọlé lọ, ẹni tó ń kọjá lọ jẹ́ẹ́jẹ́ lẹ wá ń dè lókùn!

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ní ọdún 2008, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí kú ní Nàìjíríà lẹ́yìn tí wọ́n mu oògùn eyín olómi kan, My Pikin. Májèlé tí wọ́n ń pè ní diethylene glycol wà nínú rẹ̀. Ó ba kíndìnrín àwọn ọmọ náà jẹ́, wọn ò lè tọ̀ mọ́. Ọmọ 84 ló bá a lọ! Májèlé ló pa wọ́n, ẹni tó fi í sínú oògùn ló jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ pé eyín ń fẹ́ oògùn wà lára ohun tó gbé ìgò náà wọlé.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, àti ẹ̀yin ìyá àgbà tí ẹ máa ń pàṣẹ, mo bẹ̀ yín: bí erìgì bá ń yún ọmọ, ẹ fi ìka tó mọ́ rà á fún un. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, ẹ gbé e lọ sọ́sípítù kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Bó bá ń yàgbẹ́, ẹ fún un ní omi ORS, ẹ má sì dá ọmú dúró. “Eyín ni” kì í ṣe ìtọ́jú.