Ta Ni Ó Ń San Owó Èènì?

Bí oṣù December bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, kì í pẹ́ tí orúkọ ìlú Accra yóò fi gba ẹnu àwọn ènìyàn wa tí ó wà ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ọdún 2019, tí ìjọba Ghana ké sí gbogbo ọmọ Adúláwọ̀ tí ó fọ́n káàkiri ayé pé kí wọ́n wá fi ojú kan ilẹ̀ baba wọn, nítorí pé ó pé 400 ọdún tí a kọ́kọ́ kó ẹrú Adúláwọ̀ gúnlẹ̀ sí Virginia, ni tọkọtaya àti àwọn ọmọ wọn ti ń ya bo ìlú náà bí omi. Èyí dùn mọ́ wa nínú. Ó sàn kí ọmọ wa mọ ọ̀nà Accra ju kí ó mọ kìkì ibi ìṣeré àwọn aláwọ̀ funfun ní Florida lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá bi ọ̀pọ̀ nínú wọn léèrè bí wọ́n ti rí owó ọkọ̀ òfurufú fún ènìyàn márùn-ún, èsì tí wọ́n ń fọ̀ ni pé: “A kò ná kọ́bọ̀. Káàdì ni ó san án.” Èsì yìí ni a fẹ́ tú wò lónìí.

Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ èènì. Ìyá tí ó ń ta ẹ̀wà tàbí gaàrí yóò wọn ti oníbàárà tán, yóò sì tún bu díẹ̀ lé e. Inú igbá tirẹ̀ ni ó ti bù ú, kò lọ bù ú nínú agbọ̀n ẹlòmíràn, àti ọlọ́rọ̀ àti tálákà tí ó bá sì dúró níwájú rẹ̀ ni yóò rí èènì gbà. Káàdì àwìn ti àwọn òyìnbó náà ní èènì tirẹ̀. Bí a bá fi í ra oúnjẹ, tàbí epo ọkọ̀, tàbí aṣọ ilé-ìwé àwọn ọmọ, báńkì yóò kọ àmì díẹ̀ sílẹ̀ ní orúkọ ẹni. Bí àmì náà bá pọ̀ tó, a lè fi í gba àyè nínú ọkọ̀ òfurufú, tàbí kí a fi í san owó ilé-ìtura, tàbí kí a gbà á padà lówó. Ìbéèrè wa kò ju ẹyọ kan lọ: inú igbá ta ni báńkì ti ń bu èènì tirẹ̀?

Ọ̀rọ̀ náà kò ti pẹ́ púpọ̀ láyé. Ní ọdún 1950 ni ilé-iṣẹ́ Diners Club bẹ̀rẹ̀ ní New York. Ní ọdún 1958, báńkì Bank of America kó káàdì bí 60,000 ránṣẹ́ sí àwọn ará ìlú Fresno ní California, bí wọ́n béèrè, bí wọn kò béèrè. Ní 1981 ni ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú American Airlines bẹ̀rẹ̀ sí í ka máìlì fún àwọn èrò rẹ̀, kí wọ́n má baà yà sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Nígbà tí ó di 1987, òun àti Citibank ti da ọ̀rọ̀ pọ̀, ẹni tí kò wọ ọkọ̀ òfurufú rárá sì lè máa kó máìlì jọ nípa rírà bọ́tà àti búrẹ́dì. Lónìí, Delta ń fò láti New York sí Accra, United sì ń fò láti Washington; ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó jókòó sínú ọkọ̀ wọ̀nyí ni ó jẹ́ pé káàdì ni ó gbé wọn wá.

Orísun kìíní tí owó èènì ti ń wá ni ọwọ́ ẹni tí ó ń tajà. Nígbà tí a bá fi káàdì àwìn san 100 dọ́là ní Amẹ́ríkà, gbogbo rẹ̀ kọ́ ni ó ń dé ọwọ́ oníṣọ́ọ̀bù. Nǹkan bíi dọ́là méjì ni àwọn báńkì àti onílé káàdì ń yọ. Oníṣọ́ọ̀bù kì í ṣe òmùgọ̀. Ó ti fi dọ́là méjì náà sí orí ọjà kí a tó wọlé, àti ẹni tí ó mú káàdì àti ẹni tí ó mú owó lọ́wọ́, iye kan náà ni ó ń gbà lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí ó mú káàdì ń rí díẹ̀ gbà padà. Ẹni tí ó mú owó kò rí nǹkan kan. Ní ọdún 2010, àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé mẹ́ta ní báńkì Federal Reserve ti Boston ṣe ìṣirò rẹ̀, wọ́n sì sọ pé ìdílé kọ̀ọ̀kan tí ń fi owó rajà ní Amẹ́ríkà ń san 149 dọ́là lọ́dún fún àwọn onílò káàdì, àti pé ìdílé kọ̀ọ̀kan tí ń lo káàdì ń rí 1,133 dọ́là lára wọn. Ta ni àwọn tí ń fi owó rajà níbẹ̀? Àwọn tálákà ni wọ́n pọ̀ jù: agbálẹ̀, alágbàfọ̀, àjòjì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí báńkì kò tíì gbà pé ó yẹ ní ẹni tí à ń fún ní àwìn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ọmọ Adúláwọ̀. Àwọn ìjọba ilẹ̀ Yúróòpù rí i bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ṣe òfin ní ọdún 2015 pé báńkì kò gbọdọ̀ gbà ju 0.3 nínú 100 lọ lórí káàdì àwìn. Èènì náà sì súnkì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ní ọ̀dọ̀ tiwọn.

Orísun kejì ni gbèsè. Èyí ni ó kan òǹkàwé wa jù, nítorí náà a ó dúró lé e díẹ̀. Ká ní bàbá kan fi káàdì san 3,000 dọ́là fún ìrìn-àjò ìdílé rẹ̀ sí Accra. Bí èènì rẹ̀ bá jẹ́ dọ́là méjì nínú 100, 60 dọ́là ni ó jèrè. Bí ó bá san gbogbo gbèsè náà kí ọjọ́ tó pé, ó jèrè rẹ̀ ní tòótọ́, a sì kí i kú oríire. Ṣùgbọ́n èlé tí àwọn káàdì Amẹ́ríkà ń gbà ti kọjá 20 nínú 100 lọ́dún láti bí ọdún mélòó kan wá. Lórí 3,000 dọ́là, èlé oṣù kan jẹ́ 50 dọ́là. Bí bàbá yìí bá jẹ́ kí oṣù méjì kọjá, 100 dọ́là ti wọ àpò báńkì, èyí tí ó fún un kò sì ju 60 lọ. Àwọn baba wa mọ irú èyí dáadáa. Ṣogúndogójì ni wọ́n ń pè é. Àwọn òṣómàáló ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà pẹ̀lú ta aṣọ ní àwìn káàkiri ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n òṣómàáló kò díbọ́n: ó sọ fún ọ láti òwúrọ̀ pé òun yóò lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ títí ìwọ yóò fi san án. Báńkì kì í lóṣòó, ẹ̀rín ni ó ń rín, ó sì tún ń fi ìwé pélébé ránṣẹ́ pé àmì rẹ ti pọ̀ sí i. (Ẹni tí ó kọ́kọ́ pe gbèsè ní ẹ̀bùn, ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ ni.)

A kò wí pé kí àwọn ènìyàn wa tí ó wà lókè òkun ju káàdì wọn sí ẹ̀yìn ilé. Olùkọ́ tí ó wà ní Houston tàbí ní Chicago, tí ó ń fi káàdì ra ohun tí òun ìbá fi owó rà tẹ́lẹ̀, tí ó sì ń san án tán lóṣooṣù, kò sí ẹni tí ó yẹ kí ó bá a wí. Kí ó sáà rántí nǹkan díẹ̀. Àmì náà kì í san owó orí àti owó pápákọ̀ òfurufú, ẹni náà ni yóò sì san ìyẹn láti àpò ara rẹ̀. Àyè tí a lè fi àmì gbà ní ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì ṣọ̀wọ́n bí ojú, ẹni tí kò bá sì béèrè títí oṣù September kò ní rí ju èyí tí iye àmì rẹ̀ pọ̀ ní ìlọ́po lọ. Bákan náà, ilé-iṣẹ́ tí ó ni àmì lè sọ lójijì pé ohun tí à ń fi 40,000 gbà tẹ́lẹ̀ ti di 60,000. Kò sí ilé-ẹjọ́ tí a ó pè é sí. Owó tí ẹlòmíràn lè dín iye rẹ̀ kù nígbà tí ó bá wù ú kì í ṣe ohun tí à ń kó jọ fún ọdún márùn-ún.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí ilé. Ní Accra fúnra rẹ̀, àwọn tí ó ní káàdì àwìn kò tó nǹkan. Orí tẹlifóònù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sanwó, láti ìgbà tí MTN ti gbé ètò náà dé ní 2009. Dípò èènì, owó orí ni wọ́n fi lé e: ní oṣù May 2022, ìjọba Ghana bẹ̀rẹ̀ sí í gba 1.5 nínú 100 lórí owó tí ènìyàn bá fi tẹlifóònù ránṣẹ́. Wọ́n dín in kù sí 1 ní January 2023, wọ́n sì fa òfin náà ya ní oṣù April 2025. Ẹ wo bí ayé ti rí. Ẹni tí ó ń gbé ní Amẹ́ríkà ń gba owó nítorí pé ó sanwó, ìyá tí ó ń ta tòmátì ní Makola sì san owó nítorí pé ó fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìyá kan náà ní ohun tí báńkì Amẹ́ríkà kò ní. Alájọ ń kọjá ní ìsọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, ó ń gba iye tí wọ́n jọ pinnu, ní òpin oṣù yóò dá gbogbo rẹ̀ padà, yóò sì mú owó ọjọ́ kan fún làálàá rẹ̀. Susu ni wọ́n ń pè é ní Accra. Ẹni tí ó bá ní etí yóò mọ̀ pé èsúsú wa ni. Samuel Johnson sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní 1921, William Bascom ará Amẹ́ríkà sì kọ ọ̀rọ̀ gígùn lórí rẹ̀ ní 1952. Àwọn tí a kó lẹ́rú lọ sí Trinidad pàápàá kò gbàgbé rẹ̀, sou-sou ni wọ́n ń pè é di òní. Kò sí èlé nínú rẹ̀. Kò sí aláìní kan tí à ń já gbà kí ẹlòmíràn lè fò lọ sí ìsinmi.

A mọ ohun tí olùkọ́ ilé-ìwé ní Ìbàdàn tàbí ní Òṣogbo yóò wí: pé owó oṣù òun kò gbé ìrìn-àjò. A kò lè jiyàn sí i pé owó náà kéré. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wà ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wa, a sì ń yá owó níbẹ̀ láti ra ìyẹ̀fun àti ìrẹsì fún ọdún, láti ra ilẹ̀, láti ṣe òkú. Kí ni ó dé tí a kò lè yà apá kan sọ́tọ̀ fún ìrìn-àjò ìdílé? Bí olùkọ́ ogún bá jọ ń dá a láti January, wọn yóò lè gba ọkọ̀ ńlá kan ní àkókò ìsinmi, kí wọ́n sì gba Sẹ̀mẹ̀, Cotonou, Lomé àti Aflao dé Accra. Ọ̀nà náà gba sùúrù, àwọn tí ó dúró ní ibodè pẹ̀lú ń gba ju sùúrù lọ. Ṣùgbọ́n àdéhùn ECOWAS ti 1979 fún ọmọ ìlú kọ̀ọ̀kan ní àǹfààní láti wọlé kí ó sì lo 90 ọjọ́ láìgba físà, ó sì yẹ kí olùkọ́ mọ ẹ̀tọ́ yìí kí ó sì lè sọ ọ́ jáde lẹ́nu.

Ohun tí ọmọ yóò rí níbẹ̀ kò kéré. Yóò dúró ní pápá tí Kwame Nkrumah ti kéde òmìnira Ghana ní òru ọjọ́ 6 oṣù March 1957, tí a tún ṣe, tí a sì tún ṣí sílẹ̀ ní 2023. Yóò rí ilé tí W. E. B. Du Bois gbé títí ó fi kú ní 1963. Yóò dé Elmina, níbi tí àwọn ará Potogí ti kọ́ odi ní 1482. Kí olùkọ́ sì má ṣàì mú un dé Accra New Town, tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ Lagos Town nígbà kan, kí ó sọ fún un pé àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìgbẹ́tì àti Ṣakí tàn dé gbogbo ọjà Ghana, kí ìjọba Busia tó pàṣẹ ní ọjọ́ 18 oṣù November 1969 pé kí àjòjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàrín ọ̀sẹ̀ méjì. Kí ó sọ ti 1983 pẹ̀lú, nígbà tí ìjọba Nàìjíríà lé àwọn ará Ghana, kí ọmọ má baà rò pé àwa ni a mọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ó ku ọ̀rọ̀ tí ó kan àwọn ìjọba wa. Láti 1912, owó kan náà ni à ń ná ní Nàìjíríà, ní Gold Coast, ní Sierra Leone àti ní Gambia, títí tí Ghana fi ṣe tirẹ̀ ní 1958, tí Nàìjíríà sì ṣe tirẹ̀ ní 1959. Owó ẹyọ ni ọ̀rọ̀ náà “sídì” túmọ̀ sí ní èdè Akan, àwọn baba wa sì ná ẹyọ kan náà. Lẹ́yìn èyí ni ó wá di pé ní 2022, ọ̀pọ̀ báńkì Nàìjíríà dá káàdì náírà dúró kí ó má sanwó lẹ́yìn odi mọ́, tí ó fi jẹ́ 2025 kí díẹ̀ nínú wọn tó tún ṣí i. Ẹni tí ó ń lọ sí Accra, tí kò jìnnà ju 500 kìlómítà lọ, ní láti kọ́kọ́ wá dọ́là Amẹ́ríkà. Ní January 2022, ní Accra gan-an, ni a ṣí ètò PAPSS, tí yóò jẹ́ kí ẹni kan san náírà kí ẹnì kejì sì gba sídì, láìfi ọwọ́ kan dọ́là. Àwọn olórí ECOWAS náà sì fẹnu kò ní December 2024 pé kí a fa owó orí lórí ìrìn-àjò òfurufú láàrín àwọn ìlú wa tu láti January 2026. Ohun tí a ń béèrè ni pé kí ètò PAPSS yìí sọ̀kalẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn oníṣòwò ńlá dé ọ̀dọ̀ olùkọ́ tí ó fẹ́ san owó ilé-ìtura fún ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta ní Accra, kí àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú sì fi hàn wá, lórí ìwé tí wọ́n ń tà, iye tí ó ti kúrò níbẹ̀.