Ẹ Yẹ Áàtì Wò Kí Ẹ Tó Ra Bátìrì Tuntun

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fi ètè sílẹ̀ kí á máa pa lápálàpá. Òwe yìí kò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ tí mo ti Ìpele dé. Ohun méjì ni kò ṣeé yà sọ́tọ̀ fún mi mọ́: ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ kan tí iná rẹ̀ ń já, àti orílẹ̀-èdè kan tí ó ń pààrọ̀ bátìrì kiri.

Ẹ̀gbọ́n mi ni ó ni ọkọ̀ náà. Mercedes 911 ni, irú ọkọ̀ onímú roboto tí gbogbo ilẹ̀ Ọ̀wọ̀ mọ̀ bí ẹni mowó, tí ó ń kó pákó, kòkó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti oko wá sí ọjà. Ó dàgbà ju gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ. Òru ni àìsàn rẹ̀ kọ́kọ́ fojú hàn. Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ láti Ìdọ̀ànì, ó kù díẹ̀ kí ó wọ Ìpele, ni gbogbo iná bá kú lẹ́ẹ̀kan náà: iná iwájú, iná ẹ̀yìn, iná inú ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì kò kú o, nítorí ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì àtijọ́ kò nílò iná mọ́ bí ó bá ti ń ṣiṣẹ́. Báyìí ni ọkọ̀ ṣe ń sáré nínú òkùnkùn biribiri pẹ̀lú ẹrù pákó lẹ́yìn. Táyà kó sí kòtò kan, iná sì padà dé fúnra rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó tẹ sítátà, kò dún. Ó tún un tẹ̀, ó dún.

Ẹni àkọ́kọ́ tí ó wò ó ní bátìrì ni. Wọ́n ra bátìrì tuntun, ọkọ̀ ṣe dáadáa fún ọjọ́ mẹ́rin. Ẹni kejì ní ọ́tánétọ̀ ni. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ó ṣe dáadáa fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni kẹta tú sítátà palẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé àtúnṣe kọ̀ọ̀kan dà bí ẹni pé ó ṣiṣẹ́. Kí ló fà á? Ẹni tí ó ń pààrọ̀ nǹkan yóò fa wáyà, yóò mì í, yóò tún un dè. Ibi tí kò mú tẹ́lẹ̀ á mú fún ìgbà díẹ̀, a ó sì máa yin ohun tuntun tí a rà. Bẹ́ẹ̀ ni owó ṣe ń lọ tí àìsàn sì jókòó pẹ́sẹ́.

Ọ̀gá ríwáyà kan ní Ìpele, bàbá tí ó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún, ni ó tú àdìtú náà. Kò fọwọ́ kan sípánà kí ó tó bèèrè ọ̀rọ̀. Ìbéèrè rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyí: “Ṣé iná ti já ni, àbí iná ń já, àbí ó máa ń já bí ó bá gbóná?”

Ẹ̀yin ará, díẹ̀ ló kù kí n pàtẹ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín “ti”, “ń” àti “máa ń”. Ọkùnrin yìí ń fi í wá àìsàn ọkọ̀. Bí iná bá ti já, wáyà kan ti gé: wá ojú ibi tí ó ti gé. Bí iná bá ń já, nǹkan kan ń mú, ó ń tú: mi wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan títí wàá fi rí i. Bí ó bá máa ń já nígbà tí ó bá gbóná, má yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí ó tutù, nítorí irọ́ ni yóò pa fún ọ. Ọ̀rọ̀ kéékèèké mẹ́ta ni a fi mọ iṣẹ́ mẹ́ta tí ó yàtọ̀ síra wọn.

Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ mú gílóòbù kékeré tí wọ́n so wáyà méjì mọ́. Ó fi ẹsẹ̀ kan kan pósítíìfù bátìrì, ó fi èkejì kan irin ọkọ̀. Gílóòbù tàn yòò. “Ọ̀gá, áàtì dára.” Ọ̀gá mi orí. “Gílóòbù kékeré ni o fi dán an wò. Ọ̀nà tóóró gba ẹnì kan. Ṣé ó gba èrò ọjọ́ ọjà? Di ẹrù lé e.” Ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi tan iná ńlá, kí ó sì tẹ sítátà. Ó wá fi ẹsẹ̀ mítà kan kan nẹ́gétíìfù bátìrì, ó fi èkejì kan ara ẹ́ńjìnnì. Bí áàtì bá mú dáadáa, mítà kò gbọdọ̀ ka ju ìdajì fóótì lọ nígbà tí sítátà bá ń fa iná. Mítà ka fóótì 4. Nínú fóótì 12 tí bátìrì ní, 4 ń ṣòfò sí ojú kan ṣoṣo.

Ó tẹ̀lé wáyà náà dé abẹ́ ọkọ̀. Bọ́ọ̀tì kan ni wọ́n fi de áàtì bátìrì, ti ẹ́ńjìnnì àti ti orí ọkọ̀ mọ́ ṣásí papọ̀. Ẹnì kan ti kun ṣásí náà nígbà kan rí. Ọ̀dà wà láàárín irin àti irin, ìpẹtà sì ti jẹ ìyókù. Wọ́n fi sáńpépà ha á títí irin fi ń dán, wọ́n fún bọ́ọ̀tì le, wọ́n fi gírísì bò ó. Láti ọjọ́ náà, iná kò já mọ́. Owó sáńpépà náà kò tó owó búrẹ́dì.

Ọ̀rọ̀ mi gan-an rèé. Ní ọdún 2022, Ìjọba Àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí ni kí á fi máa kọ́ àwọn ọmọ wa fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Túnjí Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí á máa lò láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì. Àlàyé rẹ̀ ni pé ní àwọn agbègbè tí wọ́n ti lo èdè abínibí jù ni àwọn ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB.

Mo bèèrè: ta ni ó fi mítà kàn án? Ọmọ tí ó wọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣe ìlànà 2022 kò tíì sún mọ́ WAEC ní 2025. Àìsí olùkọ́, àìsí ìwé, àìsí àga, ìṣẹ́ ilé, ogun àti ìjínigbé tí ó lé ọmọ kúrò ní ilé-ìwé, ṣé a ti yọ gbogbo ìyẹn sọ́tọ̀ kí a tó di ẹ̀bi ru èdè? A rí i pé iná kú, a sì ra bátìrì.

Ẹ tún wo gílóòbù kékeré yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́ta ń kọrin Gẹ̀ẹ́sì, ìyá rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ òun ti mọ̀wé. Gílóòbù tàn. Ó di kíláàsì kẹrin, wọ́n gbé ìdá nǹkan dé, wọ́n gbé àlàyé bí ewéko ṣe ń mí dé, iná kú. A kò di ẹrù lé e nígbà tí a ń dán an wò. Áàtì ọmọ ni èdè tí ó gbọ́ lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ọ̀dà ni a sì ń fi kun ibẹ̀ lójoojúmọ́ nígbà tí a bá ń jẹ ọmọ níyà pé ó sọ Yorùbá ní kíláàsì.

Àwọn kan sì ti dì ẹrù náà lé e rí. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ìwé kan ní Mọdákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ohun gbogbo. Wọ́n wá fi olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn. Wọ́n ṣe dáadáa ju ẹgbẹ́ wọn lọ, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Èyí ni mítà tí ó wà nílẹ̀. Ẹni tí ó bá ní irọ́ ni, kí ó gbé tirẹ̀ wá.

Mo gbọ́ àwọn tí ń sọ pé, “Bátìrì, áàtì, sítátà, ǹjẹ́ Yorùbá nìyẹn?” Ẹ̀yin alárìíwísí, ẹ rọra. Orúkọ ará Ítálì kan, Volta, ni “fóótì”; orúkọ ará Jámánì kan ni “dísẹ́ẹ̀lì”; àwọn Gẹ̀ẹ́sì yá wọn lò, kò sí ẹni tí ó ní èdè wọn kú. Àwa náà ti yá àdúrà, wàhálà àti àlùbọ́sà. Ẹ gbọ́ bí bàbá náà ṣe ń sọ̀rọ̀: wáyà kò mú, iná ń jò, sítátà ń fa iná, bátìrì ti kú. Orúkọ nǹkan ni a yá. Ọ̀rọ̀-ìṣe, tí ó ń sọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ àti ìdí tí ó fi ń ṣẹlẹ̀, tiwa ni. Níbẹ̀ ni èrò ń gbé.

Òótọ́ ni pé àwọn ìwé ìléwọ́ ọkọ̀ kì í ṣe Yorùbá. N kò bá Gẹ̀ẹ́sì jà. Òun ni mo fi gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti yé nínú èdè rẹ̀ ni ó lè ka ìwé nínú èdè ẹlòmíràn kí ó sì mọ ibi tí ìwé náà ti ń bá òun wí.

Bí a bá ń sọ òdodo, ẹ̀bi tiwa náà wà níbẹ̀, àwa ará yunifásítì. Iṣẹ́ ńlá ni èdè-ìperí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé darí ní 1984 àti èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì darí ní 1990 fún ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀. Àwa tí a tẹ̀lé wọn jókòó sí ọ́fíìsì, a ń rọ ọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ tí a kò ṣe rí. Mo sọ “àpótí agbánápamọ́” fún bàbá náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Tíṣà, kí ẹ tó pè é tán, bátìrì ti kú.” Ọ̀rọ̀ ti wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ iṣẹ́ ń kọ́ ọ láti ẹnu ọ̀gá títí tí yóò fi ṣe fúrídọ́ọ̀mù. Kò sí ẹni tí ó lọ kọ ọ́ sílẹ̀.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo ń béèrè. Kí ìjọba dá ìlànà 2022 padà, kí wọ́n sì fi olùkọ́ àti ìwé tì í lẹ́yìn. Kí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ jẹ́ kí ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ìdánwò iṣẹ́ rẹ̀ ní Yorùbá ṣe é. Kí àwa onímọ̀ èdè sì gbé kálàmù wa lọ sí ṣọ́ọ̀bù ríwáyà, mẹkáníìkì àti télọ̀, kí a jókòó sílẹ̀, kí a gbọ́. Èmi yóò tún padà sí Ìpele nígbà ìsinmi, pẹ̀lú ìwé òfìfo.

Bí iná bá tún kú, ẹ má sáré lọ sí ọjà. Ẹ wolẹ̀, ẹ wo abẹ́ ọkọ̀. Ire o.