X Ni Obì Abẹ́ Igbá

 

Ní sáà tí ó kọjá, ìyá kan tí ó ń ta búrẹ́dì lẹ́bàá Pen Cinema ní Agége mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá bá mi. Kíláàsì kejì ní girama kékeré ni ọmọ náà wà. Ìyá ní, "Tíṣà, ẹ bá mi yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Orí rẹ̀ kò gba ìṣirò. Ẹ jẹ́ kí ó lọ kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà." Iṣẹ́ wẹ́dà kì í ṣe iṣẹ́ àbùkù, ṣùgbọ́n omijé wà lójú ọmọ náà.

Mo bi í pé, "Oníbàárà fún ọ ní 5,000 náírà, ó mú búrẹ́dì mẹ́ta, o fún un ní ṣéńjì 1,400. Èló ni búrẹ́dì kan?"

N kò tíì pa ẹnu dé tí ó fi dáhùn: "1,200 ni, sà."

Mo ní báwo ni ó ṣe mọ̀ ọ́n. Ó ní òun yọ ṣéńjì kúrò, òun sì pín èyí tí ó kù sí mẹ́ta. Mo kọ ọ́ sójú pátákó: 3x + 1,400 = 5,000. Mo ní, "Áljẹ́bírà tí ó fẹ́ lé ọ kúrò nílé ìwé ni o ṣe tán yẹn." Ìyá rẹ̀ wo pátákó, ó wo ọmọ, ó gbé àtẹ rẹ̀, ó fi ọmọ sílẹ̀ fún mi.

Ẹ̀bi àwa olùkọ́ ni. A ń fi x dẹ́rù ba ọmọ kí a tó sọ ohun tí ó jẹ́ fún un. Láti ọjọ́ náà, àlọ́ ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Mo ń da igbá méjì bo obì lórí tábìlì, iye kan náà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì ń fi obì márùn-ún síta. "Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 19. Mélòó ni ó wà lábẹ́ igbá kan?" Wọn a mú márùn-ún kúrò, a ku 14, wọn a pín in sí méjì, a di méje. Bí a bá ṣí igbá tí a bá méje níbẹ̀, ariwo a sọ. Ìgbà náà ni mo tó ń sọ pé x ni obì abẹ́ igbá.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Bí a bá pe 45 ní márùndínláàádọ́ta, ọgọ́ta ni a mú, tí a yọ mẹ́wàá, tí a tún yọ márùn-ún. Ọ̀mọ̀wé al-Khwarizmi, tí ó kọ ìwé tí a ti rí orúkọ áljẹ́bírà ní Baghdad ní nǹkan bí ọdún 820, ogún pínpín, òwò ṣíṣe àti ilẹ̀ wíwọ̀n wà lára ohun tí ó tìtorí rẹ̀ kọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tíṣà, àlọ́ nìkan kò tó. Bí eré bá tán, kí ọmọ kọ ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, nítorí kò sí igbá nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Ọmọ oníbúrẹ́dì wa kò tíì di ògbóǹtarìgì. 5 nínú 10 ni ó ń gbà. Ṣùgbọ́n òdo ni ó ń gbà tẹ́lẹ̀. Bí ó bá sì padà wá di wẹ́dà ní Ìkẹjà, yóò mọ iye irin tí yóò gé kí ó tó gé e.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ bi ọmọ yín léyìí lálẹ́ òní: oníbúrẹ́dì kan ta ìdajì ọjà rẹ̀, ó tún ta mẹ́ta sí i, ó wá ku mẹ́sàn-án. Mélòó ni ó gbé jáde nílé? Ẹ má sọ ìdáhùn fún un o. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.